Ṣé tábúlẹ́ẹ̀tì nìkan lè gbé iṣẹ́ ìkànnì àti iṣẹ́ àwòṣe mólékù?

Àbẹ̀kẹ́_Kẹ́mísìrì béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì ní Ìbàdàn, iṣẹ́ ìwádìí mi sì dá lórí haemoglobin àwọn tó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde: mo fẹ́ mọ àwọn èròjà inú ewé àti egbò tó lè lẹ̀ mọ́ pírótéènì náà, kí ó má bàa máa so kọ́ ara rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, ìkànnì tí mo ń kọ́ fún àwọn oníṣòwò ni mo fi ń gbọ́ bùkátà ara mi, React àti Node, àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ ìkànnì, ni mo sì máa ń lò jù.

Láptọ́ọ̀pù mi ti darúgbó, bátìrì rẹ̀ kò sì lè dá dúró mọ́ bí kò bá sí iná. Bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń rìn láàárín ilé, láàbù àti ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí iná máa ń wà nígbà gbogbo. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rò ó pé kí n ra tábúlẹ́ẹ̀tì kan tó ní kíbọ́ọ̀dù, tí páwà báǹkì lè gbé, kí n sì máa fi ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an ni ibi tí agbára tábúlẹ́ẹ̀tì parí sí. Ṣé a lè fi kọ kóòdù kí á sì dán an wò lórí rẹ̀ láìsí kọ̀ǹpútà mìíràn? Ṣé AutoDock Vina, ètò tó ń díwọ̀n bí èròjà ṣe lè lẹ̀ mọ́ pírótéènì, lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀? GROMACS, tó ń ṣírò bí àwọn átọ́ọ̀mù ṣe ń rìn, ńkọ́? Android ni owó mi ká báyìí, ṣùgbọ́n bí iPad bá sàn jù lọ́nà tó hàn gbangba, mo lè ní sùúrù kí n tọ́jú owó sí i.

Alágbẹ̀dẹ_Ìkànnì fèsì pé:

Ẹ kú ìgbìyànjú, Àbẹ̀kẹ́. Apá ìkànnì nìkan ni màá fọwọ́ kàn, nítorí òun ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun, tábúlẹ́ẹ̀tì Android sì ni mo fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí mo bá wà lẹ́nu ìrìnàjò.

Ó ṣeé ṣe, láìsí kọ̀ǹpútà mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Termux ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀, áàpù tó ń fún ènìyàn ní tẹ́mínà Linux lórí Android. Ẹ gbà á láti orí F-Droid (ibi tí a ti ń gba áàpù ọ̀fẹ́) tàbí GitHub (ibi ìpamọ́ kóòdù lórí íntánẹ́ẹ̀tì), gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ṣe é fúnra wọn ti ń gbani nímọ̀ràn. Láti Android 10 ni òfin tuntun ti dé lórí bí áàpù ṣe lè mú ètò tó gbà láti íntánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́, èyí ló sì fà á tí ti Play Store fi wà lẹ́yìn fún ọdún púpọ̀. Bí ẹ bá ti ṣí i, àṣẹ kan ṣoṣo, `pkg install nodejs git openssh`, á kó ohun tí ẹ nílò wọlé. Bí ó bá jẹ́ Vite ni ẹ fi ń gbé iṣẹ́ React yín dìde, ẹ ó rí ojú ìkànnì náà nínú Chrome ní `localhost:5173`, lórí tábúlẹ́ẹ̀tì kan náà, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan kò tilẹ̀ sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀ ni ibi tí wọ́n kó iṣẹ́ wọn sí. Bí ẹ bá kó o sínú ìpamọ́ gbogbogbòò tí àwọn áàpù yòókù ń lò, ìyẹn `/sdcard`, `npm install`, àṣẹ tó ń kó àwọn àkójọ kóòdù Node wọlé, kò ní yọrí, nítorí ibẹ̀ kì í gba symlink (fáìlì tó ń tọ́ka sí fáìlì mìíràn), bẹ́ẹ̀ symlink ni npm fi ń to àwọn irinṣẹ́ inú `node_modules/.bin`. Inú ilé Termux fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kó o sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ Termux kúrò lórí ẹ̀rọ, gbogbo ohun tó wà nínú ilé rẹ̀ ló máa bá a lọ, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kan ṣú láìjẹ́ pé ẹ ti fi git gbé iṣẹ́ ọjọ́ náà lọ sí GitHub tàbí GitLab.

Ẹ ó tún pàdé àwọn package npm kan tó máa ń gbé ètò tí wọ́n ti kọ́ tẹ́lẹ̀ dání. Linux tó ń lo glibc (àkójọ kóòdù ìpìlẹ̀ tí ètò gbára lé) ni wọ́n kọ́ wọn fún, nígbà tó jẹ́ pé Bionic ti Android ni Termux ń lò, nítorí náà wọn kì í jẹ́ ìpè. Ọ̀nà àbáyọ ni `proot-distro install debian`, èyí tó máa gbé odidi Debian, irú Linux kan, kalẹ̀ sínú Termux. Ó máa lọ́ra díẹ̀, nítorí pé proot máa ń dá ọ̀pọ̀ ohun tí ètò bá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ dúró láti yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó jẹ́ kó kọjá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ á lọ. Inú Debian yìí kan náà ni ẹ ti lè mú code-server dìde, tí ẹ ó sì máa kọ kóòdù nínú bíráúsà bí ẹni tó ń lo VS Code, ètò ìkọ kóòdù orí kọ̀ǹpútà. Bí ìyẹn bá wúwo jù fún ẹ̀rọ yín, Acode tó fún àtúnṣe fáìlì.

Ohun kan wà tó máa ń bí mi nínú, tó sì yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó rà á: láti Android 12, bí àwọn ètò abẹ́lẹ̀ tí gbogbo áàpù bí lápapọ̀ bá ti ju 32 lọ, ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Ẹ ó kàn rí "signal 9" lójú tẹ́mínà, sáfà yín á sì ti kú. Láti Android 14 ni bọ́tìnnì wà nínú Developer options tí a fi ń gbé ìdènà náà kúrò, orúkọ rẹ̀ ni "Disable child process restrictions". Ẹ béèrè ẹ̀dà Android tó wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sanwó, ní pàtàkì bí ó bá jẹ́ àlòkù.

Nǹkan kan tí ẹ máa ṣàfẹ́rí rẹ̀ ni DevTools, irinṣẹ́ tí a fi ń wá àṣìṣe nínú ojú ìwé, nítorí Chrome orí Android kò ní in. Eruda ni mo fi dípò rẹ̀: ẹ fi ìlà script kan sínú ojú ìwé, console, Network àti Elements á sì yọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò tó ti orí kọ̀ǹpútà, ó sì yẹ kí ẹ rántí yọ ọ́ kí ẹ tó gbé iṣẹ́ fún oníbàárà.

Olùwòye_Pírótéènì fèsì pé:

Ẹ ṣeun, Alágbẹ̀dẹ. Jẹ́ kí n mú apá mólékù, nítorí pé ọ̀rọ̀ haemoglobin yìí jẹ mí lógún. Àbẹ̀kẹ́, iṣẹ́ rẹ pín sí wíwo pírótéènì, docking (wíwá bí èròjà ṣe lè wọ ara pírótéènì), àti molecular dynamics (ṣíṣírò bí àwọn átọ́ọ̀mù ṣe ń rìn), agbára tábúlẹ́ẹ̀tì kò sì dọ́gba nínú wọn rárá.

Wíwo pírótéènì lórí tábúlẹ́ẹ̀tì dára débi pé èmi fúnra mi fẹ́ràn rẹ̀ ju ti orí kọ̀ǹpútà lọ. Mol*, tí RCSB PDB àti PDBe, àwọn ibùdó tó ń pa àwòrán pírótéènì mọ́, jọ ṣe, ń ṣiṣẹ́ nínú bíráúsà pẹ̀lú WebGL, ọ̀nà tí bíráúsà fi ń ya àwòrán 3D, ìka ọwọ́ la sì fi ń yí mólékù náà po tàbí tí a fi ń fà á súnmọ́ ojú. Lọ sí ojú ìwé PDB, kí o ṣí fáìlì 2HBS. Haemoglobin S, ìyẹn ti àrùn náà, tí kò gbé ọ́síjìn ni, méjì ló sì wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ̀wọ̀n mẹ́jọ ni wàá rí. Wá valine tó wà ní ipò 6 lórí ẹ̀wọ̀n beta, níbi tó jẹ́ pé glutamic acid ló yẹ kó wà, kí o sì tẹ̀ lé e dé ibi tó ti wọ inú kòtò kékeré kan lára haemoglobin kejì, tí Phe 85 àti Leu 88 dúró yí i ká. Àwọn amino acid tí kì í fẹ́ omi ló ṣù jọ síbẹ̀. Gbogbo bí àwọn haemoglobin yìí ṣe ń so kọ́ra di okùn gígùn, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ fi ń tẹ̀ bí dòjé, ibi ìfarakanra yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá lò ó láti fi han ọ̀gá rẹ tàbí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kékeré, wàá rí i pé tábúlẹ́ẹ̀tì tí a ń gbé láti ọwọ́ dé ọwọ́ ń kọ́ni ju àwòrán inú ìwé lọ. Lórí ọ̀rọ̀ dátà, BinaryCIF, irú fáìlì tí a fún pọ̀, ni Mol* máa ń fi gba fáìlì, ó sì kéré gan-an sí mmCIF lásán tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kíkọ. Bí ẹ̀rọ kan kò bá lè gbé WebGL dáadáa, JSmol ṣì máa ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa lọ́ra.

Docking náà ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Nínú Debian tí Alágbẹ̀dẹ sọ, `apt install autodock-vina openbabel` á mú Vina wọlé. CPU ni Vina ń lò, ó sì máa ń pín iṣẹ́ sórí gbogbo core tó bá rí, nítorí náà tábúlẹ́ẹ̀tì tó ní core mẹ́jọ lè dock àwọn èròjà mélòó kan láìsí wàhálà, pẹ̀lú exhaustiveness (bí ìwákiri ṣe jinlẹ̀ tó) 8 tó jẹ́ iye tí Vina máa ń lò bí a kò bá sọ nǹkan kan. Ooru ni ọ̀tá ibẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì kò ní fáànù, bí iṣẹ́ bá sì ti pẹ́ lórí rẹ̀, ẹ̀rọ náà á dín eré ara rẹ̀ kù kí ó má bàa gbóná jù. Bí àwọn èròjà inú àkójọ rẹ bá tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, gbé e lọ síbòmíràn. Fún pípèsè PDBQT, irú fáìlì tí Vina ń kà, má ṣe fi àkókò ṣòfò lórí MGLTools àtijọ́, nítorí kò sí ẹ̀dà rẹ̀ fún ARM, irú CPU tí tábúlẹ́ẹ̀tì ń lò. Meeko, tó dúró lórí Python àti RDKit, ni kí o lò.

Bí o bá fẹ́ fi voxelotor, oògùn àrùn yìí, ṣe òṣùwọ̀n, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe, ṣọ́ra. FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí oògùn náà ní 2019, ilé iṣẹ́ Pfizer sì kó o kúrò ní ọjà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó wà lára rẹ̀ kò bá a lọ. Ìdè kẹ́míkà gidi ni voxelotor fi ń so mọ́ valine tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n alpha, wàá sì rí i nínú fáìlì 5E83 ti PDB. Vina lásán kò mọ nǹkan kan nípa irú ìdè bẹ́ẹ̀, nítorí náà iye tó bá gbé jáde fún voxelotor kì í ṣe ohun tí o lè gbé ka iwájú èròjà ewé kí o sì sọ pé ọ̀kan ju èkejì lọ. Orí kọ̀ǹpútà tó lágbára jù lọ pàápàá, bẹ́ẹ̀ ló máa rí.

Molecular dynamics ni tábúlẹ́ẹ̀tì kò lè gbé. Haemoglobin kan ṣoṣo ní amino acid 574. Bí o bá da omi àti ion yí i ká, wàá máa ṣírò agbára tó wà láàárín ọ̀kẹ́ àìmọye átọ́ọ̀mù, ní ìṣísẹ̀ femtosecond 2, àádọ́ta mílíọ̀nù ìgbà, kí o tó rí nanosecond 100. GROMACS á wọlé sínú Debian orí tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ, wàá sì lè fi pèsè àpótí omi, kí o fi ṣe energy minimization, kí o sì fi ṣe àtúpalẹ̀ fáìlì tí kò tóbi. Ìṣiṣẹ́ gan-an, orí GPU (ẹ̀rọ ìṣírò àwòrán tó yára) ni kí o gbé e lọ. Google Colab lọ́fẹ̀ẹ́ (kọ̀ǹpútà Google tí a ń lò nínú bíráúsà) lè ràn ọ́ lọ́wọ́ fún ìdánwò, bí ọ̀gá rẹ bá sì ní alábàáṣiṣẹ́ ní South Africa, kí ó béèrè nípa CHPC, ibùdó àwọn kọ̀ǹpútà alágbára tó wà ní Cape Town, níbi tí ẹ̀rọ Lengau wà.

Ọmọ_Ẹ̀yìn_Odi fèsì pé:

Ìlú London ni mo wà, iPad ni mo sì ń lò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, kálàmù rẹ̀ sì dára púpọ̀ fún yíya mólékù nínú Ketcher. Síbẹ̀ Apple kì í gba áàpù láàyè láti ṣe bí Termux ṣe ń ṣe. iSH tó ń gbé Linux kalẹ̀ lórí iPad ń sín ẹ̀rọ x86 (irú CPU inú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù) jẹ ni, èyí sì mú kí ó lọ́ra gan-an, débi pé `npm install` lórí rẹ̀ ń tánni ní sùúrù. Àwọn irinṣẹ́ àyẹ̀wò Safari pẹ̀lú, Mac ni a fi ń ṣí wọn.

Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ni pé sáfà kan wà níbòmíràn tí mo ń fi Blink Shell wọ̀, iPad sì jẹ́ fèrèsé tí mo ń gbà wo ohun tó ń lọ níbẹ̀. Fún ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kì í já, ọ̀nà tó dára ni. Fún yín, Àbẹ̀kẹ́, tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè máà sí, ẹ ra Android. Ẹ má fi owó yín dúró de iPad.

Àbẹ̀kẹ́_Kẹ́mísìrì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ voxelotor yẹn, inú àbá ìwádìí mi ló wà tààràtà, màá sì gbé e lọ bá ọ̀gá mi lọ́sẹ̀ yìí. Ohun tó wá kù tí mo fẹ́ béèrè ni pé, bí mo bá gbé molecular dynamics lọ sí Colab tàbí sí sáfà kan, kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi bá já láàárín? Ṣé iṣẹ́ náà kò ní ṣòfò?

Olùwòye_Pírótéènì:

Kò ní ṣòfò bí o bá tò ó dáadáa. Lórí sáfà, inú tmux ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí ohun tó bá wà nínú tmux kì í kú bí ìwọ bá kúrò. Kí o sì fi mosh wọlé dípò SSH lásán, ọ̀nà tí a sábà máa ń gbà wọ sáfà láti ọ̀nà jíjìn. UDP ni mosh ń lò, láàárín pọ́ọ̀tù 60000 sí 61000, kò sì bìkítà bí àdírẹ́sì rẹ bá yí padà láti orí Wi-Fi sí dátà fóònù. O lè pa tábúlẹ́ẹ̀tì dé ní ilé, kí o ṣí i ní láàbù, kí o sì bá tẹ́mínà rẹ bí o ṣe fi í sílẹ̀.

Colab yàtọ̀. Ó máa gba ẹ̀rọ náà padà bí o bá pẹ́ láìfọwọ́ kàn án, kì í sì í ju wákàtí 12 lọ lórí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n GROMACS máa ń kọ checkpoint (àkọsílẹ̀ ibi tí iṣẹ́ dé) sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15-15. Jẹ́ kí fáìlì yẹn máa lọ sí Google Drive rẹ, bí Colab bá sì já ọ sílẹ̀, `gmx mdrun -cpi` á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé.

Olùkọ́_Àgbà fèsì pé:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, ó sì dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n mo ní ìkọminú kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní owó tó mọ níwọ̀n kò gbọdọ̀ gbàgbé pé láptọ́ọ̀pù àlòkù tó dára ń bẹ ní ọjà ní iye tó súnmọ́ ti tábúlẹ́ẹ̀tì oní-8GB, pé bátìrì ṣeé pààrọ̀, àti pé gbogbo sọ́fíwíà ẹ̀ka wa ló ń ṣiṣẹ́ lórí x86 láìsí pé ènìyàn ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Bí ó bá jẹ́ ohun èlò kan ṣoṣo ni Àbẹ̀kẹ́ lè ní, láptọ́ọ̀pù ni màá ní kí ó rà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun èlò kan ni Àbẹ̀kẹ́ ní. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti kú yẹn ṣì wúlò. Gbé e sí láàbù, níbi tí inverter bá wà, fi Debian sí i, kí o sì sọ ọ́ di sáfà ara rẹ. Tailscale á jẹ́ kí o máa wọ inú rẹ̀ láti orí tábúlẹ́ẹ̀tì níbikíbi tí o bá wà, láìsan owó sáfà fún ẹnikẹ́ni. Docking àwọn èròjà ọgọ́rọ̀ọ̀rún tí tábúlẹ́ẹ̀tì kò lè gbé, kí ó máa ṣe é mọ́jú, kí ìwọ sì máa wo àbájáde rẹ̀ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá láàbù, kí o sì to ètò Vina rẹ ní èròjà kọ̀ọ̀kan, kí àbájáde ọ̀kan ti wà lórí díìsìkì kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé láìsí bátìrì, ojú ẹsẹ̀ tí iná bá lọ ni ẹ̀rọ náà á kú.

Alágbẹ̀dẹ_Ìkànnì:

Olùkọ́, ẹ ṣeun, ìmọ̀ràn yín ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo fara mọ́ ọn, àfi lórí ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù àlòkù: fún iṣẹ́ ìta, páwà báǹkì kékeré lásán ń gbé tábúlẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ kan, nígbà tó jẹ́ pé láptọ́ọ̀pù ń béèrè èyí tó tóbi tó sì wọ́n.

Àbẹ̀kẹ́, bí ẹ bá dé ọjà, ẹ wo ìwọ̀nyí. RAM kò gbọdọ̀ dín ní 8GB, nítorí Debian, code-server àti Chrome á jọ wà lójú kan. Bí ẹ bá fẹ́ máa so ó mọ́ sìkírìnì ńlá, ẹ béèrè bóyá USB-C rẹ̀ ń gbé àwòrán jáde. Ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bí ojú ihò rẹ̀ tilẹ̀ jọ ara wọn. Àwọn Galaxy Tab S ti Samsung tó ní DeX á fún yín ní ojú iṣẹ́ tó ní fèrèsé púpọ̀ bí ti kọ̀ǹpútà, èyí sì wúlò nígbà tí kóòdù wà ní apá kan tí Mol* sì wà ní apá kejì. Kíbọ́ọ̀dù tí ẹ máa rà gbọ́dọ̀ ní Esc àti Ctrl gidi. Níbi tí wọ́n ti ń ta tábúlẹ́ẹ̀tì náà, ẹ ṣí 2HBS lórí rẹ̀ níṣojú ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì yí i po títí. Bí ó bá ń dá dúró lójú yín níbẹ̀, ẹ dá a padà fún un.